Àwo Tó Yẹ Kí Àlejò Kọ́kọ́ Gbọ́

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí nǹkan ló lẹ́rù àtifi ọ̀nà han ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹrù náà kò sì fúyẹ́ rárá nídìí orin tí wọ́n ń pè ní progressive rock. Bí ọ̀dọ́ kan bá bi àwọn olólùfẹ́ orin yìí pé àwo wo ni kí òun kọ́kọ́ gbọ́, ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣì í lọ́nà. Àwọn kan á wá orin kúkúrú kan fún un, tí wọ́n gé lára iṣẹ́ ńlá, nítorí wọ́n ti pinnu pé etí rẹ̀ kò lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn á lọ gbé èyí tó le jù lọ wá, kí ọmọ náà lè mọ̀ pé àwọn jinlẹ̀. Àwọn ti àkọ́kọ́ fojú tín-ín-rín àlejò, àwọn ti ìkejì ń polówó ara wọn. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ro ti iṣẹ́ náà.

Èmi gbà pé ohun tó dára jù lọ ni ká fi lé àlejò lọ́wọ́, ká sì mọ ohun tó mú un dára. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Gbogbo àwo progressive rock ló gùn, gbogbo wọn ló ní àwòrán àrà lára páálí, gbogbo wọn ló kún fún ìka ọwọ́ tó ń sáré lórí gìtá àti dùùrù. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo kà sí iṣẹ́ àtàtà ni èyí tí ọgbọ́n ọwọ́ gbogbo àwọn tó ṣe é tẹrí ba fún orin náà fúnra rẹ̀. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn, òun ni mo sì fi mú àwọn àwo tí mo fẹ́ dárúkọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orin yìí ti jáde, ní ìparí àwọn ọdún 1960. The Beatles ti gbé Sgt. Pepper's Lonely Hearts Club Band jáde ní 1967, àwọn ọ̀dọ́ olórin sì rí i pé odindi àwo lè jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Chris Squire tó ń ta gìtá béèsì fún ẹgbẹ́ Yes ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ní kékeré. Rick Wakeman, tó tẹ dùùrù fún Yes bákan náà, kọ́ dùùrù ní Royal College of Music. Ilé ìwé Charterhouse ni àwọn tó dá ẹgbẹ́ Genesis sílẹ̀ ti pàdé. Orin ìjọ, orin àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ Yúróòpù, jáàsì àti rọ́ọ̀kì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó wọ ìkòkò kan. Ojú àwo kan máa ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, wọn ò sì fi ìṣẹ́jú kankan ṣòfò.

Ọmọ Yorùbá ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gígùn orin dẹ́rù bà á. Ẹni tó ti jókòó ti Ebenezer Obey títí tó fi sọ ìtàn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tán, tàbí tó ti ní sùúrù de ohùn Fẹlá lẹ́yìn tí fèrè àti ìlù ti jayé tiwọn tẹ́rùn, etí rẹ̀ ti gba ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ òyìnbó ìwòyí kò rí gbà. Fẹlá pàápàá ò jìnnà síbi tí ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní 1971, sítúdíò Abbey Road ní London ni òun àti Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream nígbà kan rí, ti ṣe àwo tí wọ́n pè ní Live!, lójú àwọn ènìyàn tí wọ́n pè wá gbọ́ wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ Pink Floyd wọ ilé kan náà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo máa ń fi ṣáájú fún gbogbo àlejò.

Iṣẹ́ náà ni The Dark Side of the Moon, tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1973. Àwọn onímọ̀ kan á yínmú pé ó ti gbajúmọ̀ jù. Ó gbajúmọ̀ lóòótọ́. Láàárín 1973 sí 1988, ọ̀sẹ̀ 741 ló lò lórí àtẹ igba àwo tí ìwé ìròyìn Billboard ń tẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kí ayé gba ti nǹkan kò sọ nǹkan náà di yẹpẹrẹ, ẹni tó bá sì fi àwo yìí pa mọ́ fún àlejò nítorí pé gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n, ìgbéraga ló ń ṣe é.

Pink Floyd kọ́ ni ọwọ́ wọn yá jù nínú àwọn ẹgbẹ́ ìgbà náà. Bí a bá ní kí Richard Wright tó ń tẹ dùùrù fún wọn àti Keith Emerson, gbajúmọ̀ atẹdùùrù ẹgbẹ́ mìíràn, fi dùùrù sáré ìje, Emerson á ti dé kí Wright tó mira. Ohun tí wọ́n ní ni sùúrù, onísùúrù ló sì ń fún wàrà kìnnìún. Láti oṣù Kìíní 1972 ni wọ́n ti ń gbé orin wọ̀nyí lọ sórí ìtàgé káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lé ní ọdún kan kí àwo náà tó jáde. Ní Brighton, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, ẹ̀rọ dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé orí Money, wọ́n sì ní láti pa á tì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ìlú kejì, wọ́n tún un ṣe látòkèdélẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ Money yìí dáadáa. Owó ẹyọ ń já lura wọn, ìwé ń fà ya, ẹ̀rọ ìgbowó ń dún. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú rẹ̀ nígbà náà. Roger Waters, tó ń ta gìtá béèsì fún wọn, ló da owó ẹyọ sínú abọ́ ńlá tí ìyàwó rẹ̀ fi ń po amọ̀, tó gba ìró rẹ̀ sórí téèpù. Wọ́n fi rúlà wọn téèpù ìró kọ̀ọ̀kan, wọ́n gé wọn dọ́gba, wọ́n lẹ méjèèje pọ̀, wọ́n sì so orí mọ́ ìdí kí ó lè máa yí láìdúró. Ègé méje yẹn ló di ìka orin náà: méje-méje là ń kà á, kì í ṣe mẹ́rin-mẹ́rin bíi ti orin ijó. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń gbọ́ ọ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣàjèjì. Orí rẹ̀ á kàn máa mì ni. Ohun tó le ni wọ́n ṣe, wọn ò sì jẹ́ kí líle rẹ̀ di wàhálà olùgbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aago tó ń ké lójijì níbẹ̀rẹ̀ Time: Alan Parsons, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ló lọ gba ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nílé ìtajà aago àtijọ́.

Waters tún kọ ìbéèrè sórí káàdì, ó sì ń bi àwọn tó wà nínú sítúdíò náà, bóyá wọ́n ń bẹ̀rù ikú, ìgbà wo ni wọ́n bá ènìyàn jà kẹ́yìn. Paul McCartney wà lára àwọn tó dáhùn. Wọn ò lo ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí wọ́n rí i pé ó ń sapá jù láti pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ohùn Gerry O'Driscoll, aṣọ́nà Abbey Road, ni wọ́n fi kádìí àwo náà. Ẹ rò ó wò ná. Ohùn ọ̀kan nínú àwọn olórin tó lókìkí jù lágbàáyé wà lọ́wọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n gbé e tì, wọ́n mú ti aṣọ́nà, nítorí pé aṣọ́nà ló sọ ohun tí orin náà ń fẹ́. Mi ò mọ ẹ̀rí mìíràn tó tó èyí pé iṣẹ́ ló ń pàṣẹ nínú ilé yẹn, orúkọ kọ́.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kìíní 1973, wọ́n ránṣẹ́ pe akọrin kan, Clare Torry, ọmọ ọdún 25, pé kó wá fi ohùn sí orin tí Wright fi dùùrù ṣe, The Great Gig in the Sky. Kò sí ọ̀rọ̀ orin, kò sí ohùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Wọ́n kàn ní orin náà dá lórí ikú. Ó kọ́kọ́ fẹ́ máa kọ ọ́ bí àwọn orin ìfẹ́, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀. Ó wá pinnu pé òun á ṣe ohùn òun bí ohun èlò orin, ó bú sí i, ó ké, ó rọlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ìgbà díẹ̀ péré ló kọ ọ́, ó gba £30, ó sì bá tirẹ̀ lọ, ó rò pé wọn ò ní lò ó. Ohun tó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sunkún sí títí dòní. Nígbà tó di 2004, ó pe ẹjọ́ pé òun náà wà lára àwọn tó dá orin yẹn, wọ́n yanjú rẹ̀ ní 2005, orúkọ rẹ̀ sì ti wà pẹ̀lú ti Wright látìgbà náà. Ó pẹ́ jù, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí àlejò bá ti gbọ́ àwo yẹn títí tó fi mọ ojú rẹ̀, Close to the Edge ti Yes ló kàn, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1972. Orin mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀, àkọ́kọ́ sì gba odindi ojú àwo kan, ìṣẹ́jú méjìdínlógún àti díẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ohun tí wọ́n sì ná sórí ọbẹ̀ yìí ju owó lọ. Ní sítúdíò Advision ní London, pẹ̀lú Eddy Offord nídìí ẹ̀rọ, wọ́n á jiyàn lórí ìwọ̀nba orin kékeré kan títí, wọ́n á gbà á sílẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí èyí tó tẹ̀ lé e, Offord á sì máa gé téèpù, á máa so ó. Dùùrù ńlá inú ìjọ St Giles-without-Cripplegate ní London ni wọ́n lò fún ibi tí orin náà ti ga jù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a bá kó jọ pẹ́ jù a máa ro ni. Bill Bruford, onílù tó ní làákàyè tó bẹ́ẹ̀, lu ìlù rẹ̀ tán, ó sì kúrò nínú ẹgbẹ́ kí àwo náà tó délé àwọn ènìyàn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ King Crimson ló lọ bá. Àwọn kan rò pé òmùgọ̀ ló ṣe, pé ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tí owó ń bọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó mọ̀ pé òun ti ṣe ohun tó dára jù tí òun lè ṣe níbì kan, tó sì lọ wá ẹ̀kọ́ síbòmíràn, ọlọ́gbọ́n ni.

Ẹ sọ fún àlejò kó má fòyà ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹyẹ á ké, omi á ṣàn, gìtá á sì bẹ́ wọlé bí ìjà tí kò sí olùlàjà. Ìjà náà ní ìdí. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹjọ sí ìkẹsàn-án, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀, Jon Anderson, akọrin wọn, àti Squire á máa kọrin sí ara wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí dùùrù ìjọ á fi bú sáyé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kejìlá. Ẹni tó bá gé orin náà láti fi ibi dídùn nìkan han àlejò ti pa á, torí ìjà àkọ́kọ́ ló mú kí àlàáfíà yẹn níyì.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Oṣù Kejìlá 1973, ẹgbẹ́ kan náà gbé Tales from Topographic Oceans jáde: àwo méjì, ojú mẹ́rin, orin mẹ́rin, tí wọ́n fà yọ láti inú àkíyèsí ìsàlẹ̀ ewé kan nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé Yogananda, olùkọ́ ẹ̀mí ará Íńdíà. Ó wọ ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wakeman kò gba tirẹ̀, ó sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1974. Ibi tó dùn wà nínú àwo yẹn, mi ò sẹ́, ṣùgbọ́n orin ni wọ́n ń fà gùn kó lè kún ojú àwo, kì í ṣe ojú àwo ni wọ́n ń wá fún orin tó gùn. Òun ni àwọn kan máa ń gbé fún ọmọ tuntun. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ àtàtà di ìgbà ogbó, kó lọ wo King Crimson. Oṣù Kìíní 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Oṣù Keje, wọ́n ṣeré ṣáájú Rolling Stones ní Hyde Park lójú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èrò. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, In the Court of the Crimson King jáde. Robert Fripp àti Ian McDonald jẹ́ ọmọ ọdún 23, Greg Lake jẹ́ ọmọ ọdún 21. Olùdarí tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá ò bá wọn dé òpin, wọ́n sì darí iṣẹ́ náà fúnra wọn. Ohùn ńlá tó ń bò yín mọ́lẹ̀ nínú Epitaph, ẹ má rò pé agbo onífáyólìn ni. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń ṣe ní Birmingham nígbà náà ni, tí wọ́n ń pè ní Mellotron. Lábẹ́ ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fọ́nrán téèpù kan wà tí ìró ohun èlò ti wà lórí rẹ̀, ó sì máa ń tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Bí ó bá tán, ohùn á gé, àfi kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ gbé ọwọ́ kí ó lè padà síbẹ̀rẹ̀. Inú ìdè ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ yẹn ni McDonald ti yọ ohùn tó dà bí ẹni pé kò ní tán láé.

Kò sí àbùkù tí mo fẹ́ fi pa mọ́ fún àlejò. Mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, iyán ewùrà ò ṣàì lẹ́mọ. Moonchild bẹ̀rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń já okùn gìtá wẹ́wẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀, kó má baà rò pé etí òun ló dití.

Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, McDonald àti Michael Giles onílù ti kúrò. Barry Godber, tó ya ojú pupa tó lanu ké gbàjarè lára páálí náà, kú ní oṣù Kejì 1970, ọmọ ọdún 24. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ̀, páálí àwo yẹn nìkan ló sì yà láyé. Bí Onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Kò sẹ́ni tó rí àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀kan tó tún nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé àwo wo ni.

Àwọn tó kù, mo lè sáré kọjá lórí wọn. Selling England by the Pound ti Genesis, 1973, fún ẹni tó fẹ́ràn orin dídùn àti ìtàn. Thick as a Brick ti Jethro Tull, 1972, orin kan ṣoṣo lójú méjèèjì, tí páálí rẹ̀ jẹ́ odindi ìwé ìròyìn, fún ẹni tó fẹ́ràn fèrè àti ọ̀rọ̀ tó ń ta. Tubular Bells, tí Mike Oldfield fi nǹkan bí gbogbo ohun èlò inú rẹ̀ dánìkan ṣe kó tó pé ọmọ ogún ọdún dáadáa, tó sì di àwo àkọ́kọ́ ilé iṣẹ́ Virgin ní 1973 lẹ́yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ Gentle Giant lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.

Rush nìkan ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, àwọn ọmọ Kánádà mẹ́ta. Àwo tí wọ́n gbé jáde kẹ́yìn ní 1975 kò tà, ilé iṣẹ́ tó ń gbé wọn jáde ní kí wọ́n máa ṣe orin kúkúrú. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú 2112 ní 1976, orin ogún ìṣẹ́jú lójú kìíní, òun ló sì gbé wọn dúró. Moving Pictures ti 1981 ni kí ẹ kọ́kọ́ fún àlejò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ti í sọ ohun tó pọ̀ ní àkókò díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Neil Peart, onílù wọn, ṣe ní àárín àwọn ọdún 1990 ló wú mi lórí jù. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Àwọn onílù káàkiri ayé ń fi orúkọ rẹ̀ búra. Ó lọ bá àgbàlagbà olùkọ́ ìlù kan, Freddie Gruber, ó ní kó kọ́ òun. Ó yí bí ó ṣe ń di ọ̀pá ìlù mú padà, ó yí ìjókòó rẹ̀ padà, ó ń dánra wò lójoojúmọ́ bí ọmọ iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Peart ní aṣọ títí ó kún àpótí, ó sì mọ̀ pé àkísà Gruber ni òun ń wá.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, etí náà sì nìyẹn. Bí o bá jẹ́ àlejò, má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ títí wàá fi gbọ́ àwo náà fúnra rẹ. Pa fóònù tì, tàbí kí o fi íápíìsì sétí kí o má sì dá ìpè kankan lóhùn. Gbọ́ The Dark Side of the Moon láti ibi tí ọkàn ti ń lù kìkì títí dé ibi tí ọkàn náà ti dákẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì ni. Bí kò bá wọ̀ ọ́ lára, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí o tó sọ pé o ò fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí orin yìí, àwo kan ṣoṣo ni kí ẹ fún ọmọ tuntun lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó gbọ́ ọ tán kí ẹ tó ṣàlàyé ohunkóhun fún un.